Ẹ Bi Wá: Omi Tó Bàjẹ́ Kó Tó Dé Láàbù

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì dá lórí gbígba omi fún àyẹ̀wò. Àkókò rẹ̀ náà nìyí. Ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, odò ti fà, kànga ti jìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń sáré iṣẹ́ àṣekágbá. A yan àwọn tí ìdáhùn wọn lè wúlò fún ẹlòmíràn. A yọ orúkọ kúrò, ìlú nìkan la fi sílẹ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Odò mẹ́rin ni mo ń yẹ̀ wò. Ike omi tí mo rà lọ́jà, tí mo mu tán, ni mo fi bu omi náà, ike kan fún odò kan. Ọjọ́ kẹta ni mo tó gbé wọn dé láàbù. Nítrétì, òjé, bakitéríà àti oògùn apakòkòrò ni mo fẹ́ wò. Olùkọ́ mi ní kí n da gbogbo rẹ̀ nù. Ṣé ike kan kò tó odò kan ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ọyẹ́-Èkìtì)*

Kò tó o, olùkọ́ yín kò sì le jù. Omi tí a bù kúrò lójú odò dà bí ẹja tútù: láti ìṣẹ́jú tó ti jáde ló ti ń yí padà. Nǹkan mẹ́rin tí ẹ sì kà sílẹ̀ yìí, ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà bàjẹ́, èyí tó bá gba ọ̀kan là a máa ba òmíràn jẹ́. Ásíìdì tó ń tọ́jú òjé ló ń pa bakitéríà. Ike tó dára fún òjé ni oògùn apakòkòrò máa ń lẹ̀ mọ́ lára. Nítorí náà, ohun tí ẹ fẹ́ wò ni ẹ óò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ẹ tó wá ìgò rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú òjé. Ike tó nípọn, irú èyí tí láàbù ń pè ní HDPE, ni kí ẹ lò. 250 mílílítà tó. Ẹ rẹ ike náà mọ́jú nínú ásíìdì nítríìkì tí wọ́n ti là dé ìdá 10 nínú 100, kí ẹ wá fi omi dísítíìlì ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà báyìí ni pé ìwọ̀n òjé tí ìlànà omi mímu ilẹ̀ Nàìjíríà gbà láàyè kò ju mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan. Erùpẹ̀ díẹ̀ tàbí eruku ọ̀dà àtijọ́ lẹ́nu ìgò ti tó láti sọ omi tó mọ́ di olóró nínú ìwé. Bí òjé tó ti yọ́ sínú omi nìkan lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ fi síríńjì ti omi náà gba inú fíltà 0.45 máíkírónì kọjá létí odò níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá fi ásíìdì sí i. Bí gbogbo òjé pátá lẹ fẹ́, tòun ti èyí tó wà lára ẹrẹ̀, ẹ fi ásíìdì sí i láìsẹ́. Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ẹ fi ásíìdì sí i tán kí ẹ tó máa sẹ́ ẹ, torí ásíìdì á ti tú ohun tó wà lára ẹrẹ̀ sínú omi. Mílílítà 1.5 ásíìdì nítríìkì tí wọn kò là ló máa ń tó lítà kan. Fún ike 250 mílílítà, nǹkan bíi 0.4 ni. Ẹ da ẹ̀kán kan sórí bébà pH, tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, kí ẹ rí i pé ó ti lọ sílẹ̀ ju 2 lọ. Ẹ má ti bébà náà bọ inú ike. Bí ó bá ti rí báyìí, òjé lè dúró fún oṣù mẹ́fà.

Nítrétì kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú omi ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, pàápàá bí omi náà bá gbóná. Inú yìnyín, ní nǹkan bíi 4°C, wákàtí 48 ni ẹ ní. Ọjọ́ kẹta tí ẹ lọ ti kọjá ààlà. Ẹ sì fetí sí èyí dáadáa: ẹ má jẹ́ kí ásíìdì nítríìkì dé inú ike nítrétì láéláé. Nítrétì ni ásíìdì náà fúnra rẹ̀, òun gan-an ni láàbù máa wọ̀n fún yín. Ó ń ṣẹlẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ike méjèèjì jọra wọn nínú kúlà.

Oògùn apakòkòrò nílò ìgò gíláàsì aláwọ̀ igi, lítà kan, tí wọ́n ti fi ásítóònì tàbí hẹ́síìnì fọ̀ ní láàbù. Ẹ fi bébà alumíníọ̀mù sáàárín ẹnu ìgò àti ọmọrí rẹ̀. Ìgò yìí ni a kì í fi omi odò ṣan kí a tó bu ti àyẹ̀wò, torí ohun tó ń lẹ̀ bí epo á ti kọ́kọ́ mọ́ ara gíláàsì, èsì á sì fò sókè. Ike òjé àti ti nítrétì ni kí ẹ fi omi odò náà ṣan lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ da omi ìṣanlẹ̀ sẹ́yìn yín, síbi tí omi ń ṣàn lọ. Láàrin ọjọ́ méje, kí láàbù ti fa oògùn náà jáde nínú omi. Ti bakitéríà wà nísàlẹ̀, nínú ìdáhùn fún Ìkọ̀lé.

Bí ẹ bá dé odò, láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè lọ, kí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín rú má baà ṣàn wá bá ibi tí ẹ ṣì fẹ́ bù. Ẹ dojú kọ ibi tí omi ti ń bọ̀. Ẹ kọ ẹnu ìgò síbẹ̀ náà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi ní nǹkan bíi 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, láàárín odò, kì í ṣe létí níbi tí omi ti dúró. Púpọ̀ nínú odò kéékèèké wa ni kì í jìn tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi síríńjì ńlá tó mọ́ fà á níwọ̀ntúnwọ̀nsì, bó bá tilẹ̀ gba àkókò. Ìgò tó bá kan ìsàlẹ̀ ti di àyẹ̀wò ẹrẹ̀.

Ìgò mẹ́rin fún odò mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Ẹ fi méjì kún ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tí ẹ fẹ́ wò. Àkọ́kọ́ ni ìbejì: ìgò kejì láti ojú odò kan náà, ní ìṣẹ́jú kan náà. Èkejì ni ìgò òfìfo: omi dísítíìlì tí ẹ gbé láti láàbù, tí ẹ ṣí létí odò, tí ẹ dà sínú ìgò mìíràn, tí ẹ sẹ́, tí ẹ fi ásíìdì sí gẹ́gẹ́ bí ti yòókù. Bí wọ́n bá rí òjé nínú ìgò òfìfo, ọwọ́ yín tàbí ásíìdì yín ni wọ́n ti rí i, kì í ṣe odò. Iṣẹ́ àṣekágbá tí kò ní ìgò òfìfo kò ní ohun tó máa fi gbèjà ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òjò ńkọ́? Òjò àkọ́rọ̀ ló ń fọ ilẹ̀ àti ìgbẹ́ wọ odò, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ kẹ́yìn sínú ìwé yín. Bí odò bá kún, ẹ ju ewé kan sí i, kí ẹ wo ìṣẹ́jú àáyá tí yóò fi rin mítà 10, kí ẹ fi ìyẹn pín 10 láti mọ ìyára rẹ̀. Ẹ fi jíjìn omi ní mítà sọ ìyára rẹ̀ di púpọ̀. Odò tó jìn dé 0.7 mítà, tí ewé sì rin mítà 1.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ti sún mọ́ 1. Omi bẹ́ẹ̀ lè gbé àgbàlagbà lẹ́sẹ̀. Ẹ dúró lórí afárá, kí ẹ fi okùn sọ ìgò sílẹ̀.

*Bohóòlù ilé wa, omi rẹ̀ mọ́ gaara bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Tó bá di ọjọ́ kejì, á pọ́n bí omi amọ̀. Mo gbé ike kan lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní irin inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ta ló ń purọ́? (Onílé, Adó-Èkìtì)*

Bàbá, ẹnikẹ́ni kò purọ́. Irin yẹn ti dì mọ́ ara ike kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Omi tó wà lábẹ́ àpáta kì í sábà rí afẹ́fẹ́. Irin yọ́ sínú rẹ̀, kò sì ní àwọ̀. Bó bá ti kan afẹ́fẹ́ lókè báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í di èérún pupa, á rọ̀ sísàlẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ògiri ike. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò á da omi òkè tó mọ́ sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ohun tó sì rí nìyẹn. Èérún yẹn tún máa ń gbé nǹkan mìíràn lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, bíi fọ́sífétì àti òjé, nítorí náà kì í ṣe èsì irin nìkan ló bàjẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ fi ásíìdì sí i níbi tí pọ́ǹpù wà, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ gba ike méjì. Ẹ sẹ́ ọ̀kan nínú fíltà 0.45 kí ẹ tó fi ásíìdì nítríìkì sí i; ẹ fi ásíìdì sí èkejì láìsẹ́. Bí irin bá pọ̀ nínú méjèèjì, inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Bó bá pọ̀ nínú èyí tí ẹ kò sẹ́ nìkan, ẹ lọ wo páìpù àti ara pọ́ǹpù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpẹtà ni. Owó tí ẹ óò ná lórí ọ̀kan yàtọ̀ pátápátá sí èkejì, ìdí nìyí tí ike méjì fi tọ́ sí yín. Mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan ni ìlànà gbà láàyè fún irin.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba ohunkóhun, ẹ fa omi tó ti sùn nínú páìpù dànù. Páìpù bohóòlù tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ íńṣì mẹ́fà ń gba nǹkan bíi lítà 18 nínú mítà kan. Bí omi bá ga tó mítà 30 nínú rẹ̀, lítà 540 nìyẹn, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 1,600. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 sẹ́nu ibi tí omi ti ń jáde: bó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 25, lítà 48 ni pọ́ǹpù yín ń gbé ní ìṣẹ́jú kan, ẹ óò sì fà á fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 34. Ẹni tó bá ní mítà á máa wo ìgbóná omi, pH, àti EC tó ń wọn bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Nígbà tí kíkà mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn kò bá yàtọ̀ ju 0.2°C, pH 0.1, àti ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún EC, omi inú ilẹ̀ gan-an lẹ ń fà wá sókè.

Àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Èkìtì, inú ibi tí àpáta ti là àti ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí rẹ̀ ni omi ń gbé, nítorí náà bohóòlù mìíràn á gbẹ kí ẹ tó fa ìlọ́po mẹ́ta. Bí sumo, pọ́ǹpù inú bohóòlù, bá ti ń fa afẹ́fẹ́, ẹ pa á kó má baà jó. Ẹ jẹ́ kí omi sun padà, kí ẹ gba ti ìpadàbọ̀ yẹn. Kí ẹ sì gbà á kí ó tó dé táńkì. Omi táńkì ti rí afẹ́fẹ́, ti rí oòrùn, ti rí alángbá.

*Kànga méje ló wà lábẹ́ wa. Èsì dé láti láàbù pé kò sí E. coli, bakitéríà inú ìgbẹ́, rárá nínú èyí tó wà lẹ́bàá ṣáláńgá, pé ó sì wà nínú èyí tó jìnnà sí gbogbo ṣáláńgá. Gbogbo àdúgbò fi wá rẹ́rìn-ín. (Òṣìṣẹ́ ìlera, Ìkọ̀lé-Èkìtì)*

Èsì òdo lè jẹ́ òtítọ́. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn bakitéríà náà ti kú lójú ọ̀nà. Oòrùn nìkan tó láti pa wọ́n bí ìgò bá wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan ti da kílórínì sí kànga náà lánàá láìsọ fún yín. Kílórínì yẹn á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú ìgò títí dé láàbù. Ìdí nìyí tí a fi ń fi sódíọ̀mù táíósọ́fétì sínú ìgò kí a tó sè é: ìgò 120 mílílítà, mílílítà 0.1 omi rẹ̀ tó jẹ́ ìdá 10 nínú 100. Ó ń pa agbára kílórínì, kì í pa bakitéríà lára.

Ìgò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n sè ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15, tí wọ́n fi bébà alumíníọ̀mù bo ọmọrí rẹ̀. Ẹ má ṣan án, táíósọ́fétì wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi ọmọrí rẹ̀ lélẹ̀, ẹ dì í mú kí inú rẹ̀ máa wo ìsàlẹ̀. Ẹ má kún un dé ẹnu. Sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ kí láàbù lè rí àyè mì í. Mílílítà 100 ni wọ́n máa lò, ìlànà sì ni pé E. coli kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀.

Ti kànga kejì, ẹ wo okùn àti dòrò yín. Dòrò tó ti fara kan ilẹ̀, tí ọmọdé fi ẹsẹ̀ tì, tí ewúrẹ́ ti lá, òun ló ń kó bakitéríà wọ inú ìgò. Ẹ so òkúta tó mọ́ mọ́ ìdí ìgò, kí ẹ fi okùn tuntun tó mọ́ sọ ọ́ kalẹ̀ láìjẹ́ kó kan ògiri kànga, kó rì díẹ̀ sábẹ́ ojú omi, kí ẹ fà á sókè, kí ẹ da díẹ̀ nù láti fi àyè sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ dúró ná: kí ni ẹ fẹ́ mọ̀ gan-an? Bóyá kànga náà mọ́, àbí bóyá omi tí àwọn ènìyàn ń mu mọ́? Fún ìbéèrè kejì, dòrò tí wọ́n fi ń pọn ọ́n lójoojúmọ́ ni kí ẹ lò, pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀. A rí ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n fi òkúta gba ti kànga kan, tí wọ́n fi dòrò gba ti òmíràn, tí wọ́n wá ń fi èsì méjèèjì wéra. Kò ṣeé fi wéra. Ẹ yan ọ̀nà kan fún kànga méjèèje.

Láti Ìkọ̀lé dé Adó, wákàtí lẹ ń bá jà. Wákàtí mẹ́fà ló dára jù láàárín ìgbà tí ẹ bù ú àti ìgbà tí láàbù bẹ̀rẹ̀. 24 ni òpin, inú yìnyín sì ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kànga tó jìnnà jù sí Adó, kí èyí tó wà lọ́nà Adó ṣe ìkẹyìn. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú ni kí ẹ lọ. Omi tó bá dé láàbù ní ọ̀sán Ẹtì á sùn dé Ajé. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe bí iná bá lọ, torí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú bakitéríà gbọ́dọ̀ gbóná ní ìwọ̀n kan náà fún wákàtí 24 gbáko. Láàbù tí kò ní jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà kò lè dáhùn ìbéèrè yín, bó ti wù kí ìgò yín mọ́ tó.

Fún kúlà, píọ́wọ́tà tó ti dì nínú fíríìsà ló dára ju yìnyín fífọ́ lọ, torí ọ̀rá rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi tú jáde. Ẹ tò ó sísàlẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́, àti sókè. Ẹ di ìgò kọ̀ọ̀kan sínú náílọ́ọ̀nù, kí wọ́n wà ní ìdúró. Bí omi yìnyín bá mu ọmọrí, ó lè gba ibẹ̀ wọlé. Kí omi náà má sì dì: bí omi bá dì, ó ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, gíláàsì á fọ́.

*Mítà pH wa kì í dúró lójú kan nínú omi ìsun. Tí a bá sì gbé omi náà délé, nọ́ńbà á yàtọ̀. (Ẹ̀fọ̀n-Aláayè)*

Ọ̀rọ̀ méjì nìyí. Omi ìsun orí àpáta sábà máa ń ní iyọ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ yìí ni ẹnu mítà fi ń gbọ́ràn. Nínú omi tí EC rẹ̀ kéré, ó ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀. Ẹ bu omi náà sínú ife, ẹ má rò ó, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi omi dísítíìlì ṣan ẹnu mítà dáadáa lẹ́yìn bọ́fà (omi tí a mọ pH rẹ̀, tí a fi ń tún mítà ṣe), torí ẹ̀kán bọ́fà kan lè bo ohùn omi tó rọ̀ báyìí. Bọ́fà 4 àti 7 ni kí ẹ lò láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì da èyí tí ẹ ti lò padà sínú ìgò rẹ̀.

Ti ilé, gáàsì kábọ́nì ló ń jáde. Omi láti inú ilẹ̀ gbé e wá. Bó bá ti ń sá lọ, pH á máa gòkè. Omi tó jẹ́ 6.1 létí ìsun lè di 6.8 ní láàbù, kó sì wọ inú 6.5 sí 8.5 tí ìlànà gbà láàyè, nígbà tó jẹ́ pé lójú ìsun kò wọ ibẹ̀. Létí omi níbẹ̀ ni ká ti wọn pH, láàrin ìṣẹ́jú 15. Ìgbóná omi náà bẹ́ẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí Ìkògòsì, tí omi gbígbóná àti tútù ti ń pàdé, tó ní òun á wọn ìgbóná rẹ̀ tí òun bá délé, ìrìn-àjò afẹ́ ló lọ.

*A kò ní mítà ọ́síjìn nílé ẹ̀kọ́ wa, a ní kẹ́míkà Winkler tí wọ́n fi ń wọn ọ́síjìn inú omi. Kí ló yẹ ká ṣọ́? (Olùkọ́ kẹ́mísírì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)*

Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ ṣọ́. Ìgò 300 mílílítà tó ní ìdérí gíláàsì ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí omi wọlé láti ìsàlẹ̀ gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, kó kún àkúnwọ́sílẹ̀ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, láìsí èéfóó kankan. Mílílítà kan máńgáníìsì sọ́fétì, mílílítà kan omi áyódáìdì onísódà, kí ẹnu pípẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ omi nígbà méjèèjì. Ẹ dé e, kí ẹ yí i sókè-sódò nígbà 15. Bí ohun tó ń rọ̀ bá funfun, kò sí ọ́síjìn níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ó wà. Nígbà tó bá rọ̀ dé ìdajì, mílílítà kan ásíìdì súfúríìkì líle, kí ẹ tún yí i títí gbogbo ohun tó rọ̀ yóò fi yọ́ tán. Báyìí ó lè dúró dé ilé ẹ̀kọ́, nínú òkùnkùn, fún wákàtí díẹ̀. Bí ẹ bá ń kán sódíọ̀mù táíósọ́fétì 0.025 M sínú 200 mílílítà omi náà títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi parẹ́, mílílítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ lò jẹ́ mílígíráàmù kan ọ́síjìn nínú lítà.

Létí òkun, omi tó wà ní 25°C kì í gbà ju nǹkan bíi 8.3 lọ láti inú afẹ́fẹ́. Lórí ilẹ̀ gíga bíi tiwa, ó dín díẹ̀. Bí ẹ bá rí 11 ní ìdájí, èéfóó ló wọ ìgò. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni, nínú omi tó ní ewé tútù, ó lè jẹ́ òtítọ́, torí ewé ń tú ọ́síjìn sílẹ̀ lójú oòrùn. Wákàtí kan náà ni kí àwọn ọmọ máa lọ, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Kí ásíìdì náà sì wà lọ́wọ́ olùkọ́, kì í ṣe lọ́wọ́ wọn.

*Ìsàlẹ̀ adágún Ìtàpájì la fẹ́ dé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bu omi ìsàlẹ̀ wọ́n ju owó wa lọ. (Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀gbìn ẹja, Ìkọ̀lé)*

Ẹ so òkúta kílò kan ààbọ̀ mọ́ ìdí ìgò, ẹ fi kọ́ọ̀kì dé e, ẹ so okùn kan mọ́ kọ́ọ̀kì àti ọrùn ìgò, kí ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀ láàárín. Ẹ sọ ọ́ dé ibi tí ẹ fẹ́, ẹ já okùn gìrì, kọ́ọ̀kì á yọ. Nígbà tí èéfóó bá dẹ́kun lójú omi, ó ti kún. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí okùn ní mítà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ẹ ti rẹ ẹ́, torí okùn náílọ́ọ̀nù ń gùn sí i nínú omi. Ó dára fún iyọ̀ àti nítrétì. Kò dára fún ọ́síjìn, nítorí afẹ́fẹ́ tó jáde nínú ìgò ti pò mọ́ ọn. Fún ìyẹn, ẹ yá ẹ̀rọ Van Dorn, tí wọ́n fi ń bu omi ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ ẹ̀ka mìíràn.

Ẹ má bu omi létí ògiri tó sé adágún náà nìkan. Ẹ bu ti ibi tí odò ti wọlé, ti àárín, ti ẹ̀bá ògiri, lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, kí ẹ bù ú níhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, nítorí epo. Bí omi ìsàlẹ̀ bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọ́síjìn ti tán níbẹ̀, irin àti máńgáníìsì á sì pọ̀. Ẹni tí kò wọ jákẹ́ẹ̀tì agbéniléfòó kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀, ì báà mọ̀ ọ́n wẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́.

*Wọ́n dá wa padà létí odò kan. Àwọn àgbà ní kò sí ẹni tó mú wa mọ baálẹ̀. (Ìjerò-Èkìtì)*

Wọ́n ṣe ohun tó tọ́. Ní Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti sun. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ omi nílẹ̀ yìí kò lè ṣe bí ẹni pé odò kò ní olówó. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ọba tàbí baálẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, pẹ̀lú ẹni tó mọ ìlú. Ẹ béèrè ọjọ́ tí a kì í débẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń pọn, ibi tí wọ́n ti ń bọ ọ́. Bí wọ́n bá ní àlejò kò gbọdọ̀ wọ omi náà, ẹ kọ́ ọmọ ìlú kan bí a ṣe ń kọ ẹnu ìgò síbi tí omi ti ń bọ̀. Ó lè ṣe é dáadáa bíi tiyín. Ẹ fi ìgò òfìfo hàn wọ́n, kí ẹ ṣàlàyé ìbọ̀wọ́ rọ́bà, torí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ tó ń kán nǹkan sínú omi jọ ẹni tó ń da májèlé sí i. Níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ yín, ẹ jìnnà sí bèbè odò kí ẹ tó ṣí ásíìdì. Nígbà tí èsì bá jáde, ẹ mú u padà wá fún wọn lédè Yorùbá. Ẹni tó bá tún fẹ́ débẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní gbàgbé èyí.

*Orúkọ tí mo kọ sára ìgò ti parẹ́ kí n tó dé láàbù. (Ìkọ̀lé)*

Bíírò máíkà kì í dúró lórí ike tó ń làágùn nínú yìnyín, ọtí ìfọwọ́ sì ń pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lẹ téèpù bébà mọ́ ara ìgò nígbà tó ṣì gbẹ, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́, kí ẹ wá fi téèpù aláìláwọ̀ bo orí rẹ̀. Ara ìgò ni, kì í ṣe orí ọmọrí, torí ọmọrí ń pààrọ̀ ara wọn ní láàbù. Àmì kúkúrú tó: odò, ìgò, ọjọ́. Ohun tó kù, bíi òjò tó rọ̀ kẹ́yìn, àwọ̀ omi, ẹran tó ń mu lókè odò, ẹni tó bù ú, inú ìwé ni. Ẹ sì kọ àkókò bíi 06:40 tàbí 18:40, kí láàbù má baà ka ìdájí sí ìrọ̀lẹ́.